Ooru Ọkọ̀ àti Àbẹ́là Ìyá Rẹ

Lèma, àárín oṣù Ṣẹẹrẹ

Christelle, ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó ayọ̀ ní Kútọnú, lágbára Ọlọ́run tó gbé òkè Dàsà kalẹ̀ tí kò sì jẹ́ kó yí lù wá. Ṣé o jí dáadáa? Ọ̀gá rẹ obìnrin tó máa ń bínú láti àárọ̀ ńkọ́, ṣé inú rẹ̀ ti rọ̀? Bí o bá ń bèèrè wa, a wà láàyè, ètè wa nìkan ni ọyẹ́ là. Ẹ̀wà tí a gbìn sí ẹ̀gbẹ́ àpáta ṣe dáadáa. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, Eustache aládùúgbò wa, ẹni tó fi ogún ọdún kọ́ wa ní katikísímù, sì ní ọ̀kan nínú wọn jọ mí. Mo lọ wo ọmọ ewúrẹ́ náà dáadáa, mo rí i pé kò purọ́.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá rẹ fi ń kọ ìwé nígbà tí o ti ra tẹlifóònù fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú, tẹlifóònù yẹn kò sì lè pa àṣírí mọ́, gbogbo ohun tí a bá sọ sínú rẹ̀ ni ìyá rẹ ń gbọ́ láti ìdí ààrò. Torí náà ni mo ṣe jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí mo sọ fún un pé orúkọ àwọn tó kú nínú ẹbí ni mò ń kọ fún Fádà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ìwọ náà rántí bí àyà ìyá rẹ ṣe há nígbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá, tí dókítà ní Dàsà sọ pé kó máa wá gba oògùn tí wọ́n ń fà símú ní kùtùkùtù gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ tútù má fẹ́ sí i láyà. Lẹ́yìn ọ̀kadà ló ń jókòó lọ nígbà náà, kó tó débẹ̀ àìsàn á ti le ju bó ṣe kúrò nílé lọ. Ìyẹn ló mú kí o ra ọkọ̀ yìí fún wa. O ní láti ìlú òyìnbó ló ti wá, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ó sì ní ooru tirẹ̀ nínú, ohun tí ẹ ń pè ní ṣófáàjì. Ìyá rẹ dì mọ́ ọ. Èmi náà sì fẹnu ara mi ṣèlérí fún un pé ọyẹ́ mìíràn kò ní rí i bá jà mọ́.

Ọyẹ́ dé nínú oṣù Ọ̀pẹ. Mo tan ṣófáàjì, afẹ́fẹ́ jáde wàà, tútù bí ti ìta.

Mo kọ́kọ́ rò pé ebi ló ń pa á. Mi ò tíì rí iná tó ń jó láìjẹ igi rí. Mo wá ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀ẹ́dú sí lábẹ́ àga, mo wá a nínú àpótí kékeré tí o kó ìwé ọkọ̀ sí, mo tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ débi pé ẹnì kan tó ń kọjá kí mi pé ẹ kú àdúrà. Bisikíìtì kan tí o gbàgbé ni mo rí. Mo jẹ ẹ́.

Eustache wá, ó bèèrè ibi tí mo yí bọ́tìnnì náà sí. Mo ní ọ̀dọ̀ búlúù ni. Ó ní èé ṣe? Mo ní búlúù ni aṣọ Màríà Wúńdíá, láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé ni mo ti fi í sábẹ́ ààbò rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń ka iye ọdún tó fi kọ́ mi ní katikísímù. Ó ní pupa ni ooru, búlúù ni òtútù, Màríà kò sì bá wọn dá sí i. A yí i sí pupa. Òtútù náà ló tún ń fẹ́.

Mo pè ọ́, ṣé o rántí? O ní kí n ya fọ́tò abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná hàn ránṣẹ́ sí ọ. Ìka mi ni mo yà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tí mo rí i pé kò yé ọ, mo gbé tẹlifóònù sí ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, kí ìwọ fúnra rẹ lè mọ bó ṣe tutù tó. Ìwọ kàn ń sọ pé Bàbá, mi ò gbọ́ yín. Mo rò pé òtútù ti mú ọ létí, mo yára pa á kó má baà di àìsàn sí ọ lára.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ kúrò ní ẹ̀rín. Ìyá rẹ húkọ́ láti ilé wa títí dé Dàsà. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn fún un, kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló fi ń júwe fún mi pé kí n dúró. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Ogójì ọdún ni mo ti ń gbọ́ ohùn obìnrin yìí, tí mo sì máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kó sinmi díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìsinmi yẹn ni mo ń tọrọ. Nígbà tí a padà dé ilé, ó ní òun kò lọ mọ́, òun á dúró ti ààrò òun. Èéfín ààrò yẹn gan-an sì ni dókítà ní kó sá fún.

Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìdájí, a ń kúnlẹ̀ níwájú àwòrán Màríà, Ìyá Wa ti Arigbo, tó wà lára ògiri, ìyá rẹ á tan àbẹ́là, a ó bẹ Ọlọ́run kó fi ooru sínú ọkọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi ṣe é. Mo ń ṣe àmín jù ú lọ.

Ìgbà tó yá, mo lọ mú Yẹ̀kínì wá, mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá ọjà Dàsà. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó fọwọ́ kan rọ́bà kan, ó fọwọ́ kan èkejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, tẹ́mósítà tí ẹ ní kí n yọ dà?"

Christelle, ilẹ̀ kò lanu, mi ò sì rí ibi wọ̀. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ẹ́ńjìnnì gbóná jù lórí òkè torí pé èmi tó yẹ kí n bu omi sí i kò bu nǹkan kan. Yẹ̀kínì bu omi, ó ní ó ti parí. Èmi ni mo na ìka sí irin róbótó kan, mo bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní tẹ́mósítà ni, pé bí ilẹ̀kùn ló rí, ó máa ń sé omi mọ́. O mọ bàbá rẹ lórí ọ̀rọ̀ omi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jà kí wọ́n má fi àgádágodo ti ẹ̀rọ omi abúlé wa mọ́, mo sì borí. Mo ní ta ló ń ti omi nínú ọkọ̀ tèmi? Yẹ̀kínì bẹ̀ mí, ó ní kí n fi sílẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́, omi kò ní ọ̀gá. Ó yọ ọ́ nítorí ewú orí mi. Àṣé ilẹ̀kùn náà ló ń dá omi dúró títí yóò fi gbóná, omi gbígbóná yẹn ló sì ń ṣe ooru fún àwọn tó jókòó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi lé ooru jáde, tí mo wá ń kúnlẹ̀ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo dá Yẹ̀kínì lóhùn pé mi ò mọ ibi tí mo jù ú sí. Ìyá rẹ wọ yàrá lọ, ó sì mú un jáde, ìda àbẹ́là bò ó mọ́lẹ̀. Láti oṣù Ẹrẹ́nà ló ti ń fi ṣe ìdúró àbẹ́là rẹ̀. Orí rẹ̀ ni àbẹ́là wà ní gbogbo ìdájí tí a fi ń gbàdúrà, mo sì kọjú sí i, mo dijú.

Yẹ̀kínì ní kí a dán an wò bóyá ó ṣì dára. Ó jù ú sínú ìkòkò omi lórí ààrò, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kò mira. Omi gbóná, ìda yọ́ kúrò lára rẹ̀, ó rọra lanu fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá Christelle, ẹ wo irin. Kì í lanu àfi ìgbà tó bá yẹ." Yẹ̀kínì bojú wẹ̀yìn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Wọ́n dá a padà sí àyè rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo bẹ ìyá rẹ kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. A kò tíì dé òkè kejì tí ooru fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyá rẹ tú ìborùn kan, ó tú èkejì. Kò húkọ́. Ó gbé orí lé gíláàsì, ó sùn. Èmi wọ ẹ̀wù méjì, òógùn ń bọ́ sí mi lójú, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan mọ́ láyé mi. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà dókítà, mi ò lè jí i. Mo yí ìlú Dàsà po lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó lè máa sùn, mo ń wò ó bó ṣe ń mí, inú mi dùn débi pé mo sunkún díẹ̀. Má sọ fún un.

Ìdí nìyí tí ẹsáǹsì tí ọkọ̀ ń mu fi tán. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká lè rà sí i kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí o sì bá wa ra ìdúró àbẹ́là tòótọ́ kan, torí lórí àwo ọbẹ̀ mi ni ìyá rẹ ń lẹ àbẹ́là mọ́ báyìí, ó sì ní bí mo bá fẹ́ jẹun kí n wá ibòmíràn bu ọbẹ̀ sí.

Ọlọ́run á ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ. Ọyẹ́ kò ní bá ọ níhòòhò. Kó fún ọ ní ọkọ rere tó mọ ìgbà tó yẹ kó lanu, kó má jọ ẹni tó bí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, Ignace, tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì, àfi nínú ìwé yìí.