Òkúta Tó Mu Hàntú

Ìyá mi, kí n tó kí yín rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí n kọ ìwé yìí. Tàjú ọmọ mi kò jalè. Èmi tí mo bí i ni mo kọ̀wé pè é ní olè.

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́ orí òkè Ọ̀kà. Mo kí Bọ̀dá mi, mo kí Sìdí ọmọ mi tí yìgì rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òtútù Adis Ababa níbí a máa wọ egungun. Ilé iṣẹ́ àwọn tó ń dán òkúta olówó iyebíye ni mo ṣì wà, àpótí ni mo ń dì. Owó ibẹ̀ kò tó nǹkan. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Bàbá Tàjú níbí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí òpálì, òkúta olówó iyebíye tí mo fi ránṣẹ́, tí a fẹ́ fi ṣe òrùka Sìdí. Tàjú gbà á ní Ìkàrẹ́, ó fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà sọ pé ó ń dán bí ọrùn ẹyẹlé. Ẹ wá rẹ ẹ́ sínú hàntú, omi tàdáwà tí Àfáà fi kọ ẹsẹ Kùránì tó sì fọ̀ kúrò lára wàláà, kí ìbùkún lè wọ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ohun tí ẹ yọ jáde dà bí àfọ́kù ìgò. Ẹ̀yin àti Tàjú nìkan lẹ wà nílé, ni Bọ̀dá bá ní Tàjú ti pààrọ̀ rẹ̀. Ó fi Kùránì búra, a ní olè náà mọ Kùránì. Mo kọ̀wé sí i pé kó má jẹ́ orúkọ mi mọ́. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó gba Àjọwá lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ro ẹjọ́ yìí fún Alímàsì, obìnrin tó ń dán òkúta níbi iṣẹ́ wa. Ó ju òpálì kan sínú ife omi rẹ̀, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a máa fi ṣíwọ́, òkúta náà ti mọ́ gaara bí ìgò. Ó wá bi mí bóyá torí òkúta tí òùngbẹ ń gbẹ ni mo ṣe lé ọmọ.

Ó ní òkè ilẹ̀ wọn ti bi iná àti eérú jáde rí. Nígbà tó tutù, omi òjò rin inú eérú náà, ó yọ́ ohun tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, ó gbé e lọ sínú ihò àpáta, ó ń fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún tí ẹnì kan kò lè kà. Wóró róbótó tí ojú kò lè rí ni, tí wọ́n tò léra bí ọsàn orí àtẹ Ìkàrẹ́. Àárín wọn ni ìmọ́lẹ̀ ti ń fọ́ sí pupa àti àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n àlàfo wà láàárín wọn, omi a sì máa wọ̀ ọ́. Tó bá ti kún, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Tó bá gbẹ, àwọ̀ á padà. Àpáta Ọ̀kà tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti le gbagidi. Ta ni ì bá kọ́ wa?

Síbẹ̀ inú ń bí mi, Ìyá. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọ, èmi tí mo bí i, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ní ká dúró ná.

Ẹ bá mi yọ òkúta náà kúrò ní ìdí àmù tí Bọ̀dá jù ú sí. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, ẹ má sá a sóòrùn, kó má baà sán. Alímàsì ní àwọ̀ rẹ̀ á padà, àmọ́ tàdáwà tó bá hàntú wọ inú rẹ̀ lè má kúrò mọ́. Mo mọ̀. Tàdáwà tèmi wà lọ́wọ́ Tàjú nínú ìwé tí mo kọ sí i.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jókòó níbi yìgì Sìdí, kí ara yín le. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa. Kí Bọ̀dá fúnra rẹ̀ mú òkúta náà àti ìwé yìí lọ sí Àjọwá, kó kà á sétí Tàjú níwájú àwọn tó gbọ́ pé ó jalè. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí mi, kí n mọ̀ bóyá ó ṣì ń jẹ́ orúkọ mi.

Èmi ni Lásísì, ọmọ yín.