Hóró Àgbàdo Mẹ́ta Ló Kù

Kanperen,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìparí oṣù Ògọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n mi Klomen,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ ní Jakmel. Mo nírètí pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́, pé oúnjẹ sì ń wọlé lẹ́nu. Ara tiwa le, ọkàn wa ni kò balẹ̀. Widlin ọmọ aládùúgbò wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ẹ ó ti gbọ́ nípa ìjì tó ń kóra jọ lórí òkun. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Bàbá ti fi èédú ya àwọn erékùṣù sórí tábìlì, bí wọ́n ṣe mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ń bá ọkọ̀ ojú òkun ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí rédíò bá ti sọ ibi tí ìjì dé, wọ́n á fi hóró àgbàdo kan síbẹ̀. Títí di àná, àgbàdo yẹn ń lọ sókè, mo sì ń dúpẹ́. Láàárọ̀ yìí ó yí, ó dojú kọ wá. Bàbá ka hóró tó kù kó dé ọ̀dọ̀ wa. Mẹ́ta ni, ọjọ́ kan àtààbọ̀.

Ìjọba ní kí gbogbo ará etí odò lọ sí ilé ìwé orí òkè. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ti lọ. Bàbá ní àwọn ò lọ. Wọ́n jókòó sábẹ́ àjà, níbi tí a so akèrègbè ẹ̀wà àti àgbàdo irúgbìn rọ̀ sí. Wọ́n ní, “Wọn ò tíì fún ìjì yìí lórúkọ, ẹ ti ń sá fún un. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dàgbà ná.”

Mo sọ ohun tí ọmọ kì í sọ fún bàbá. Mo ní ẹ̀wà ò ní sunkún tí Bàbá bá kú. Wọ́n ní orí kunkun tí àwọn fúnra àwọn bí ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀ yẹn. Ohùn wọn wá rọlẹ̀. “Ìjì ọjọ́sí gbé àjà lọ tòun ti irúgbìn. Ṣé o rántí ohun tí a jẹ lọ́dún náà?” Mo rántí. Ọdún yẹn la sin Ilfrida àbúrò wa.

Ẹ mọ ibojì onísìmẹ́ńtì tí Bàbá kọ́ fún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá wa, lókè ibi tí omi ń dé. Ó le ju ilé tí à ń gbé lọ. Mo ní ká kó irúgbìn náà síbẹ̀, ká fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀. Wọ́n gbójú sókè wo àwọn akèrègbè. Mo rò pé èébú ni wọ́n kà á sí.

Wọ́n wá ní, “Ibùsùn mi lo fẹ́ fún ẹ̀wà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

“Kí wọ́n má hù síbẹ̀ o.” Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ ara wọn sọ akèrègbè àkọ́kọ́ kalẹ̀.

Mo fẹ́ lọ po sìmẹ́ńtì báyìí, awakọ̀ tó máa mú lẹ́tà yìí sì ń kánjú. Kí Ọlọ́run fọwọ́ bo òrùlé yín. Tí afẹ́fẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹsẹ̀ yín yá ju tirẹ̀ lọ, ẹ má dúró wo ẹrù.

Èmi ni ọmọ ìyá yín,
Dezilom

Mo tún rántí: Rédíò ti fún ìjì náà lórúkọ báyìí. Bàbá bi mí pé kí ni wọ́n pè é, mo sọ fún wọn. Wọ́n da hóró mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ wọn sínú akèrègbè tó kẹ́yìn, wọ́n ní irúgbìn ni hóró wọ̀nyẹn náà. Wọ́n ti wọ bàtà.