Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tí Ọkọ̀ Wa Fi Kọ̀ Láti Ṣíná

Abúlé Ak-Jylga,
ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá.

Turat ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń dá ẹsẹ̀ tẹ̀? Ilé alájà mẹ́sàn-án tí ẹ ń gbé ní Bishkek ńkọ́, ṣé ó ṣì dúró? Gbogbo ìgbà tí mo bá kírun ni mò ń bẹ Ọlọ́run lórí ilé yẹn, nítorí àwọn èèyàn tó ń sùn lé yín lórí ti pọ̀ jù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lù yín. Kí òtútù má mọ ojú ilẹ̀kùn yín, kí búrẹ́dì má wọ́n lórí tábìlì yín, kí ọmọ yín dàgbà kó sin yín. Àmín. Àwa náà wà, a ń fọwọ́ ra ara. Àgùntàn mẹ́rin ló kú nínú òtútù àkọ́kọ́, màlúù dúdú sì bímọ ní àsìkò tí kò yẹ kó bímọ, ọmọ rẹ̀ ò lè dúró, inú ilé la gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Yìnyín ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì òkè.

Mo mọ̀ pé wàá máa ṣe háà pé kí ló dé tí bàbá ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Fara balẹ̀, màá dé ibẹ̀. O mọ̀ pé yàrá tó ní ààrò nìkan ni èmi àti ìyá rẹ ń gbé nígbà òtútù, fóònù yìí ò sì mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ sọ. Ryskeldi mẹkáníìkì ń kó irun àgùntàn bọ̀ ní Bishkek, òun ni mo fún ní ìwé yìí, mo sì ní kó má fún ẹlòmíràn àyàfi ìwọ.

Àìsàn ọkàn ìyá rẹ ti le sí i, o kúkú mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè sùn sílẹ̀ gbalaja mọ́, ó ń fẹ̀yìn ti ògiri sùn ni. Nọ́ọ̀sì abúlé kọ ìwé fún wa pé ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìlú, lẹ́yìn òkè. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá péré ni agbára ìwé náà. Mo bi í pé tí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé, ṣé àìsàn náà á parí pẹ̀lú ìwé ni. Ó wò mí títí, ó ní rárá o, bàbá, ìwé nìkan ló ń parí. Mo ní irú ìwé wo nìyẹn tó ń kú ṣáájú àìsàn. Ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti béèrè ẹni tí aláìsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ Ọlọ́run síbẹ̀, nọ́ọ̀sì fa igi lé Ọlọ́run lórí, ó kọ orúkọ mi. Láti ọjọ́ náà ni àyà mi ti ń já.

Bẹ́ẹ̀ ni mo jáde lọ ṣíná ọkọ̀. Ọkọ̀ yẹn náà ni, èyí tí mo fi abo ẹṣin méjì pààrọ̀ ní ọdún tí a bí ọ. Kọ́kọ́rọ́ ti kán sínú ihò ìṣíná láti ọdún kẹta, ìdí ṣíbí tíì la fi ń yí i, kò sì já wa kulẹ̀ rí. Mo yí ṣíbí, kò dún. Mo tún yí i, kò dún, iná pupa kékeré iwájú awakọ̀ pàápàá ò tàn. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Omurzak aládùúgbò wa. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ló dúró síwájú ọkọ̀ náà, ó ní áà, bàbá, ọkọ̀ yìí ṣì ta kébé, ẹ jẹ́ kí n rà á lọ́wọ́ yín, kò sì fi orúkọ Ọlọ́run kún un. Mo ní ojú burúkú ti bà á nìyẹn. Mo ṣẹ́ ẹ̀ka igi árchá, tí èéfín rẹ̀ ń lé ojú burúkú lọ, mo dáná sí i, mo fi èéfín rẹ̀ yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta bí a ṣe ń ṣe fún ẹṣin, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fín in sínú dáadáa. Ọkọ̀ ò dáhùn. Èmi ni mò ń wúkọ́.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù abúlé bá mi pè ọ́, o sì fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sínú fóònù. O ṣeun o. Àmọ́ mo ní ẹjọ́ láti bá ọ rò. Mo tẹ ohùn náà, o kí mi pé àsàlámù aleikum, bàbá, mo dá ọ lóhùn, mo béèrè ọmọ lọ́wọ́ rẹ, o ò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lo ń bá lọ. Mo tún un tẹ̀, o tún kí mi bíi pé a ò tíì ríra. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo dá sálámù rẹ padà, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má dá a padà. Ìyá rẹ ní ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀, ó ti di ọ̀gá ní Bishkek, kì í gbọ́ tẹlòmíràn mọ́. Etí mi ò sì gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀, mo jẹ́ kí ohùn náà ké tantan nínú ilé, mo sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. O ní kí n kọ́kọ́ wo orí bátìrì. O ní tí bátìrì bá dára tí ọkọ̀ ṣì kọ̀, kí n lọ sí agolo dúdú tí okùn márùn-ún jáde lórí rẹ̀, kí n ṣí ìdérí rẹ̀, ọmọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí, òun ló ń pín iná káàkiri, ọwọ́ lásán la fi ń yọ ọ́, bí kò bá sì sí níbẹ̀, bó o ṣe é bó ò ṣe é, ọkọ̀ ò ní gbéra. Ti bátìrì yé mi. Ti agolo ò fi bẹ́ẹ̀ yé mi.

Nǹkan funfun kan ló ti hù bo orí bátìrì bí èéwo. Mo fi ọ̀bẹ ha á, mo gbé e wọlé kó lè móoru, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ màlúù, mo fi aṣọ irun àgùntàn bò ó. Ìyá rẹ wò wá, ó ní aláìsàn mẹ́ta ti pé nínú yàrá kan, kí n ṣáà rántí ẹni tí mò ń fún ní wàrà. A rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹrin mo gbé bátìrì padà, mo yí ṣíbí, ọkọ̀ ṣíná! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mo sáré wọlé, mo ní ìyá Turat, múra, tí ilẹ̀ bá ti mọ́ a ti lọ. Ó ní ìrun ìrọ̀lẹ́ ti tó. Mo kọjá lọ kírun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ tún kọ̀ jálẹ̀. Ó ń yí o, ó ń dún ìn-ìn-ìn, ṣùgbọ́n kò gbaná. Mo da omi gbígbóná sí i lára, mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo bú ẹni tó tà á fún mi, kí Ọlọ́run dárí jì í, ó ti kú. O ní kí n ya fọ́tò inú rẹ̀ ránṣẹ́, mo ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wọ fìlà àti ọ̀já oyè tí wọ́n fún mi nígbà tí mo jẹ́ darandaran, mo dúró tì í, ọmọbìnrin tó ń tajà yà á. O dá a padà pẹ̀lú ojú kékeré róbótó aláwọ̀ yẹ́lò tí omi ń dà lójú rẹ̀. Mo fi han ìyá rẹ. Mo ní wò ó, ọmọ rẹ ń sunkún nítorí wa. Àwa náà bá ọ sun díẹ̀.

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ nìyẹn. Ìwé nọ́ọ̀sì ń kú lọ, yìnyín ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ìyá rẹ ń fẹ̀yìn ti ògiri. Tó bá ti di òwúrọ̀, màá yí ṣíbí, màá gbọ́ ìn-ìn-ìn, màá wọlé wá sọ fún un pé ó kọ̀, á sì ní kí n jókòó mu tíì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án Ryskeldi dé láti orí òkè. Kò pẹ́ rárá. Ó ṣí agolo dúdú yẹn, ó wo inú rẹ̀, ó wò mí, ó ní bàbá, ọkọ̀ yín ò bàjẹ́ o, ọmọ inú agolo ni wọ́n yọ lọ, ọwọ́ èèyàn ló yọ ọ́. Ara mi gbóná. Ta ni ì bá tún ṣe bí kò ṣe Omurzak? Ó fẹ́ kó sú mi kí n ta ọkọ̀ fún un ní ọ̀pọ̀. Mo wọlé, mo gbé búrẹ́dì lọ́wọ́, mo ní mò ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, níwájú àwọn àgbà ni màá ti bu búrẹ́dì yìí sí méjì, màá ṣépè pé kí iná ilé ẹni tó jí i kú pátápátá. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá rẹ tó pè mí. Ó ní bàbá Turat, ẹ gbé búrẹ́dì yẹn sílẹ̀. Ó ní kí n má ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kí n lọ ṣí àpótí òun.

O mọ àpótí náà. Láti ìgbà tó ti pé ọgọ́ta ọdún ló ti ń kó ẹrù ìsìnkú rẹ̀ sí i bí àwọn ìyá àgbà ibí ṣe ń ṣe, aṣọ funfun tí wọ́n máa wé e sí, aṣọ tí wọ́n máa ya fún àwọn tó bá wá dárò, ọṣẹ àwọn tó máa wẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í ṣí i nígbà tí olóhun bá wà láàyè. Mo ní èmi ò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní òun lòun ni àpótí, òun sì ní kí n ṣí i. Mo ṣí i. Abẹ́ ọṣẹ ló wà, ó fi ìborùn wé e, ohun kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ìgbà tí mo lọ kírun lọ́jọ́ kẹrin yẹn ló dìde, obìnrin tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ láìdi nǹkan mú, ó di ògiri mú títí ó fi dé ìdí ọkọ̀. Ó ní ohùn ọmọ òun là á yé òun yékéyéké.

Mo bínú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo pariwo mọ́ aláìsàn. Mo ní ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní ṣé mo rántí Kanymbubu àbúrò òun. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin ló lò nílé ìwòsàn ìlú tí wọ́n fi gbé e padà nínú ọkọ̀ ẹrù, àwọn tí ò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní tí a bá ti kọjá òkè, yìnyín á dí ọ̀nà lẹ́yìn wa, tí òun bá kú síbẹ̀, àwọn obìnrin wo ni yóò jókòó sínú àgọ́ ọ̀fọ̀ kọ orin arò òun? Ó ní òun ò sọ pé kí òun kú o. Ó ní òun kàn fẹ́ wà nílé.

Mo jáde, mo fi ọmọ agolo sípò rẹ̀ fúnra mi, mo yí ṣíbí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ké gbàà. Ìró rẹ̀ dùn létí mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìyá rẹ ló ń bọ̀. Ó ti wé gèlè funfun ńlá tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó ń di ògiri mú. Ó jókòó sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní òun ti gbọ́ ìró rẹ̀, òun ò ní bá mi jà mọ́, ibi tí mo bá gbé òun lọ náà ni. Ó ní kí n ṣáà jẹ́ kí òun wo ilé díẹ̀. Ó wo ilé. Ó wo ọgbà ẹran, ó wo èéfín orí òrùlé.

Turat, epo wà nínú ọkọ̀. Ọ̀nà ṣì ṣí. Ìwé nọ́ọ̀sì ku ọjọ́ kan. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí ìdarí ọkọ̀ títí gíláàsì iwájú fi móoru. Lẹ́yìn náà mo yí ṣíbí padà, mo pa á. Mo gbé ìyá rẹ wọlé. Kò wúwo rárá, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ó ti fúyẹ́ tó báyìí.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé. Ẹ̀rù ń bà mí, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún lábúlé yìí.

Nítorí náà, má ra ohun ọkọ̀ kankan ránṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni Ryskeldi ń padà, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà ìkẹyìn kí ọ̀nà tó dí. Bá a wá. Bá wa ra tíì tó dára, ṣúgà, àti èso àjàrà gbígbẹ tí ìyá rẹ fẹ́ràn. Bí owó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, bá wa mú díẹ̀ wá fún koríko ẹran, ṣùgbọ́n mú un wá lọ́wọ́ o, má fi sínú fóònù, èyí tó o fi ránṣẹ́ níjelòó ṣì wà níbẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Bí o bá dé, tí o ní ó gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, mi ò ní bá ọ jiyàn, o kàwé jù mí lọ. Ìwọ ni wàá sọ fún un.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Kí o bá wa láàyè, àwa méjèèjì. Kí àwọn ọmọ rẹ má fi irú ọ̀rọ̀ báyìí sí ọ lọ́rùn láéláé. Àmín.

Èmi bàbá rẹ, Esenkul.

Ìyá rẹ jí, ó rí mi tí mò ń kọ̀wé. Kò béèrè ohun tí mò ń kọ. Ó ní kí n ṣáà fi kún un pé ara òun ti yá.