Omi Ọ̀nà Ìsàlẹ̀

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ń yangàn,

Mo kí yín o, bí ìkíni ayé bá ń dé ọ̀dọ̀ yín. Orí bẹ́ńṣì níwájú ọsibítù ní Ayétòrò ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ èyí sínú fóònù mi. Sìkírátù, àbígbẹ̀yìn yín, ń rọbí. Kàmọ́rù ọkọ rẹ̀ ti gbé e sínú mọ́tò láti Ẹ̀gùá, wọ́n ń bọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn sì ti lọ. Èmi ni mo sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà fún wọn. Tí mi ò bá fi ọwọ́ mi ṣe nǹkan, màá bú sẹ́kún níwájú gbogbo ènìyàn, ẹ sì mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn irú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dé.

Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù lẹ mọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ sì máa ń ní mò ń tú nǹkan oníǹkan palẹ̀. Ó ti kúrò níbẹ̀ o. Áàpù ni mò ń ṣe báyìí. Kóòdù ni wọ́n ń pe ohun tí mò ń kọ, àṣẹ tí èèyàn ń tò sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kó lè mọ ohun tí yóò ṣe. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, kí n tó ra láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ ò lè gbé ara rẹ̀ dìde. Áàpù náà kò le rárá. Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà méjì la máa ń gbà láti ilé ní Ẹ̀gùá wá sí Ayétòrò: ọ̀nà òkè tó jìn, àti ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó yá ṣùgbọ́n tí odò máa ń bò nígbà òjò. Awakọ̀ tó bá ti kọjá á tẹ fóònù rẹ̀, á sọ bóyá ọ̀nà dára tàbí omi ti kún un. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí i kó tó gbéra. Ó tán.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Àbí ẹ ò mọ̀? Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń gbọ́ràn lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí a tẹ́ yín sẹ́yìn mọ́tò tí orí yín wà lórí itan mi. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ la gbà torí pé ó yá. Nígbà tí a dé etí odò, omi ti gba gbogbo ojú títì. A ṣẹ́rí padà, a lọ gba ọ̀nà òkè, a ò sì gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín gbé èrò lọ́nà yẹn, tí ẹ mọ gbogbo kòtò rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ò lè la ẹnu kẹ́ ẹ sọ fún wa pé ká má gba ibẹ̀. Ṣé ẹ mọ ibi tí à ń gbé yín gbà? Ṣé ẹ bínú sí mi?

Ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ áàpù yẹn, ìbínú sì máa ń tán, ẹ gbà mí o! Ọjọ́ wà tí mo jókòó láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán mi fi tutù, àwọ̀ bọ́tìnnì kan ṣoṣo nínú áàpù ni mò ń yí. Mo yí i sí pupa, mo yí i sí búlúù, mo tún dá a padà sí pupa. Ọjọ́ mìíràn, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo ní mo fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀, pé ti àkọ́kọ́ kò mọ́ tó. Tí wọ́n bá mú iná lọ, inú mi á dùn, torí mo ti rí ẹni dá lẹ́bi. Màmá á yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò tíì parí nǹkan tí ò lórúkọ yìí ni?" Màá ní ó kù díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ loníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Mo máa ń rántí rẹ̀, inú á sì tún bí mi sí yín.

Ẹ̀gbọ́n Wàsíù, tó kọ́ mọ́tò wíwà lọ́dọ̀ yín, ló kọ́kọ́ gba áàpù náà sórí fóònù rẹ̀, torí tiyín ni. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ díẹ̀, ó ṣí i, ó rí i pé omi ti kún ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ó gbà á gbọ́, ó kó èrò gba ọ̀nà òkè, wọ́n sì fi èébú bò ó mọ́lẹ̀ dé Ayétòrò, torí àwọn tó gba ìsàlẹ̀ ti dé tipẹ́. Ló bá já wọ ṣọ́ọ̀bù mi. "Omi wo ló kún ibẹ̀? Omi tí adìẹ ò lè fi fọjú!" Gbogbo gáréèjì fi mí rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tún ṣí i mọ́, èmi náà sì pa láàpútọ́ọ̀pù dé, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo mọ ibi tí omi yẹn ti wá, Bàbá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ dán áàpù wò, mo nílò ìròyìn kan láti fi sí i, ìròyìn ọjọ́ ikú yín sì ni mo fi sí i: Omi ti kún ọ̀nà ìsàlẹ̀, ẹ má gba ibẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹnì kan sọ fún wa lọ́jọ́ náà ni mo kọ. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà náà, mi ò sì lè pa á rẹ́.

Oyún Sìkírátù ló lé mi dìde, torí ìgbà òjò ló máa bọ́ sí. Nígbà tí mo lọ kí i, a bá ẹ̀ka igi lójú títì, èyí tí àwọn awakọ̀ máa ń já sílẹ̀ pé ewu wà níwájú. Ọlọ́kadà tó gbé mi ò tiẹ̀ dẹ eré, ó ní ewé náà ti rọ, pé ohun tó wà níbẹ̀ ti kúrò. Áà! Mo rántí yín. Ẹ máa ń dúró, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó fi ìka ra ewé yẹn, tí àwọn èrò á máa pòṣé. Tó bá ṣì tutù, ẹ ó rọra. Tó bá ti rọ, ẹ ó jù ú sígbó, ẹ ó máa lọ. Ìròyìn inú áàpù mi ni kì í rọ! Mo pariwo lórí ọ̀kadà, ọkùnrin náà rò pé bàtà mi ló já bọ́.

Mo fa láàpútọ́ọ̀pù jáde. Mo kọ ọ́ kí ìròyìn tuntun máa ní àwọ̀ ewé tútù, kó máa ṣá díẹ̀díẹ̀, kó sì pòórá fúnra rẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ Ẹ̀gbọ́n Wàsíù ní gáréèjì. Ó ní òun á dán an wò, àmọ́ tí mo bá tún parọ́ fún òun, fóònù náà lòun máa fi fọ́ mi lórí. Díẹ̀díẹ̀ àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí tiyín pòórá. Mo kọ ìlà kan sínú kóòdù pé kó dá ìròyìn yẹn sí. Mo sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n má kà á sí. Mi ò sọ fún Kàmọ́rù.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn òjò, ló pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Agbẹ̀bí ní kò gbọdọ̀ pẹ́. Mo ṣí áàpù yín, ẹnì kan ní ọ̀nà ìsàlẹ̀ dára, ẹnì kan ní omi ti kún un. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Mò ń gbọ́ igbe Sìkírátù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Wàsíù ló ní ó dára, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ẹnì kejì, èmi ni. Odò yẹn ni mò ń rí, Bàbá, pẹ̀lú ojú yín lórí itan mi. Mo ní, "Ọ̀nà ìsàlẹ̀." Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Irọ́ ni.

Òjò tún ti ń ṣú. Kí ni màá sọ fún Màmá tí odò bá dá wọn dúró? Mọ́tò kan ń wọlé. Kì í ṣe wọn.

Bàbá, wọ́n ti dé! Ẹrẹ̀ bo mọ́tò náà dé fèrèsé, àmọ́ wọ́n ti dé. Sìkírátù rí mi, ó ní ta ló ń rọbí nínú àwa méjèèjì tí mo fi ń sunkún tó báyìí. Nọ́ọ̀sì ti gbé e wọlé. Mi ò mọ ohun tí Ọlọ́run máa ṣe nínú yàrá yẹn, ẹ bá wa bẹ̀ Ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ dókítà ló wà, kì í ṣe etí odò.

Mo ti ṣí kóòdù náà lórí fóònù yìí. Ìlà tí mo fi dá tiyín sí wà níwájú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Mo ti pa á rẹ́. Mo wo áàpù, ìròyìn kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀: Ọ̀nà ìsàlẹ̀ dára. Mo ti parí rẹ̀, Bàbá.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.