Ọsàn Ẹ̀bá Sàréè Bàbá Rẹ

Pobè, ọjọ́ Jímọ̀

Fàdílátù ọmọ mi, Àbẹ̀bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo ọ̀kadà àwọn zémìjàn, mo sì kí ọ kú wàhálà àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ò ń kọ́ ní ṣimí. Ṣé ara le? Ṣé omi òjò ò tíì gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́ ní Akpakpa, ní Kútọnu níbẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń rìn gaara. Àwa náà wà, a dúpẹ́, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà bí mo bá fẹ́ dìde níbi ìrun.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín, ọ̀gá wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ti ní mo ń gbìyànjú. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tó yẹ kí fóònù gbọ́. Lọ́jọ́sí tí mo bú Bàbá Ṣàkírù, àbúrò bàbá rẹ, sí ọ létí, kí n tó gbé fóònù kalẹ̀ ó ti mọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ohùn mi ló ròkè. Irọ́ ni, fóònù yẹn ló lọ sọ. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo ti pa á, mo fi gèlè wé e, mo sì gbé e sábẹ́ igbá.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ṣé o rántí ọjọ́ kejì Iléyá tí o wá sílé, tí o ní kí n jókòó kí o fi mí dánra wò, torí ẹ̀kọ́ ṣimí lórí átọ́ọ̀mù ò yé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ? O mú èédú nínú ààrò mi, o fọ́ ọ sí méjì, o tún fọ́ ọ sí mẹ́rin, o ní bí a bá ń fọ́ ọ lọ títí, a óò kan ẹyọ bíńtín kan tí ojú ò lè rí, pé òun ni átọ́ọ̀mù, pé ti èédú ń jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Mo ní ó dáa. O ní kábọ́ọ̀nù kan náà ló wà nínú ewé, nínú iṣu, nínú ara èmi àti ìwọ. Mo ní Ọlọ́run tóbi, mo wo apá mi, mo rò ó pé bóyá ìdí tí mo fi dúdú tó báyìí nìyẹn. O wá ní àwọn átọ́ọ̀mù wọ̀nyí kì í kú, pé bí ohun ẹlẹ́mìí bá kú tó bá jẹrà, wọn á bọ́ sínú ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́, igi á gbà wọ́n, wọn á di ewé, wọn á di èso. O dìde, o gbọn èédú kúrò lọ́wọ́, o lọ wẹ̀. O rò pé oorun ló ń kùn mí, àṣé ẹ̀yìnkùlé ni mo ń wò.

Fàdílátù, níbo la sin bàbá rẹ sí? Ṣebí ẹ̀yìnkùlé ni, lẹ́bàá igi ọsàn. Nígbà tí a sin ín, igi yẹn ò so ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ọdún kẹta rèé, ó so débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ń kanlẹ̀. Ta ló ń so yẹn? Ìwọ olùkọ́, dá mi lóhùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kí igi náà láràárọ̀. Mi ò sìn ín o, má lọ rò pé ìyá rẹ ti di kèfèrí, mo kàn ń kí i bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ ni, mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba tí orúnkún bá gbà. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá aṣọ sórí rẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ Sẹ̀kínátù, aládùúgbò wa, ti jẹ nínú ewé rẹ̀ kí n tó lé e, mo sì ti bẹ Sẹ̀kínátù pé kó má pa ewúrẹ́ náà, torí mi ò mọ ibi tó jẹ lára bàbá rẹ. Sẹ̀kínátù ní kí n lọ sùn.

Àfi bí wàhálà ṣe dé. Bàbá Ṣàkírù ti gba owó lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń kó ọsàn lọ sí Kútọnu, pé kó wá ká gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní kí ló dé, ṣebí a tà á léṣìí. Mo ní ṣé yóò ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni? Ó ní èwo nìyẹn. Mo wá ṣàlàyé fún un bí o ṣe ṣàlàyé fún mi, mo tiẹ̀ fọ́ èédú níwájú rẹ̀, mo fọ́ ọ sí mẹ́rin. Mo ní ṣé kí àwọn ará Kútọnu máa mu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìdíkọ̀, kí wọ́n máa tu kóró rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí zémìjàn máa gùn ún kọjá? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú, ó ń wo igi náà, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Àmọ́ ó ní òun ti ná nínú owó náà.

Nítorí náà, ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kí ọjọ́ ọjà tó pé, kí n lè dá owó obìnrin náà padà fún un. Mo mọ̀ pé owó olùkọ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́. Fi í ránṣẹ́ sínú fóònù, màá tú gèlè kúrò lára rẹ̀ kí owó lè ríbi gbà wọlé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ojú ń tì mí láti sọ. Lánàá, bí mo ṣe kí i tán, ẹyọ kan já, ó yí wá síbi ẹsẹ̀ mi. Mi ò fọwọ́ kan igi o, òun fúnra rẹ̀ ló wá. Mo mú un, mo jókòó, mo bó o, mo mu ún. Yéè, ó kan! Gbogbo ojú mi rún. Mo tún fi ẹnu kàn án, ó wá ń dùn díẹ̀díẹ̀. Bí bàbá rẹ ṣe máa ń jí gan-an nìyẹn, kò ní bá èèyàn sọ̀rọ̀ dáadáa títí oòrùn á fi ràn, tó bá wá yá, á máa fi orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè mí mọ́ pè mí. Mo sunkún, Àbẹ̀bí. Mo mu ún tán, mo lá ọwọ́ mi. Ṣé mo ṣẹ̀? Kọ ọ́ sí mi.

Mùílíù awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá ní ọsàn mẹ́wàá lọ́wọ́. Mo rọra ká wọn ni, mo sì sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún wọn. O mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí o ń bẹ bàbá rẹ pé kó wá wo kíláàsì rẹ, ó máa ń ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè, àìsàn ò sì jẹ́. Mú mẹ́sàn-án fún àwọn ọmọ rẹ, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ mu wọ́n. Gbé ẹyọ kan sórí tábìlì rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Má bó o. Jẹ́ kó jókòó, kó máa gbọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run fi adùn sí ohùn rẹ, kó ṣí etí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́, kí ibi tí o bá dúró sí gbà ọ́. Èmi ti ṣe àdúrà tèmi láti ibí. Òun á ṣe àmín lórí tábìlì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàlámátù