Alhaji Lùkúmọ̀n Àkànmú Adébùnmí (1946–1998): Ẹni Tó Mú Abẹ́ Mọ́ṣáláṣí Wa Gbẹ

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1946 ni a bí Alhaji Lùkúmọ̀n Àkànmú Adébùnmí ní ìlú Ẹdẹ. Bíríkìlà ni bàbá wọn, Sàlámì Adébùnmí. Ràbíátù ni ìyá wọn. Alhaji ti mọ bí a ṣe ń po sìmẹ́ǹtì kí wọ́n tó mọ ABD.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní Ẹdẹ, wọ́n ṣe girama ní Òṣogbo. Lọ́dún 1973 ni a so yìgì wọn pẹ̀lú Alhaja Fàúsátù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wá sí Houston láti kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì gboyè lọ́dún 1979. Alhaja àti àkọ́bí wọn dé bá wọn lọ́dún 1980.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ lọ́dún 1986, iléeṣẹ́ tí Alhaji ti ń ya àwòrán ilé ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹlòmíì á wọ bàlúù padà. Alhaji ra tọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀wù iṣẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abẹ́ ilé onílé.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Houston ni wọ́n gbé lé òpó kúkúrú. Pákó ni ilẹ̀ ilé, erùpẹ̀ wà nísàlẹ̀, àlàfo àárín méjèèjì kò ju ibi tí àgbàlagbà lè fi àyà wọ́ gbà. Ọ̀rinrin á gòkè, pákó á jẹrà, ikán á dé, ọmọ inú ilé á máa wúkọ́. Àwọn onílé a máa dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ gbẹ. Alhaji á ní irọ́ ni, atẹ́gùn Houston fúnra rẹ̀, omi ló gbé dání. Wọ́n á tẹ́ ọ̀rá nínípọn bo gbogbo erùpẹ̀, wọ́n á fi fóòmù líle gbá ògiri abẹ́lẹ̀ yí ká kí ooru àti òtútù má ráyè, wọ́n á sì dí ihò wọ̀nyẹn pa.

Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè é ní iṣẹ́ aláǹgbá. Alhaji á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ògiri yín ló lanu tí aláǹgbá fi wọ̀ ọ́.”

Lọ́dún 1993, ìjọ wa ra ilé pákó kan, a sì sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1994, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì lábẹ́ sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú tí a ti ń kírun. Òṣìṣẹ́ ìlú tó wá yẹ̀ ẹ́ wò fún wa di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní: bí a kò bá tún un ṣe, wọ́n á ti ilé náà pa, Ramadan sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Alhaji fọwọ́ sọ̀yà níwájú gbogbo wa pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Lóòótọ́, ọjọ́ méje ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀rá, tí wọ́n gbá fóòmù, tí wọ́n sì dí ihò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilẹ̀ túbọ̀ rì, òórùn sì gba inú mọ́ṣáláṣí kan. Àwọn èèyàn ń kùn. Alhaji wọ abẹ́ ilé padà, wọ́n bá omi lórí ọ̀rá wọn, ó mù wọ́n dé ìgbọ̀nwọ́. Háà! Omi àlùwàlá wa ni. Páìpù ibi tí a ti ń ṣàlùwàlá kò dé gọ́tà rárá, abẹ́ ilé ló ń da gbogbo rẹ̀ sí. Tẹ́lẹ̀, erùpẹ̀ ń mu díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rá Alhaji ló wá gbà á dúró bí abọ́.

Àwọn kan ní kí a di ẹ̀bi náà ru Francis, púlọ́ńbà tó fa omi ọ̀hún. Ì bá rọrùn. Francis kì í ṣe ọmọ ìjọ, kò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alhaji gba makirofóònù. Wọ́n ní, “Francis ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àmọ́ ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń ṣàlùwàlá níbẹ̀. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún nítorí omi abẹ́ ilé, mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ibi tí tèmi ń ṣàn sí. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́wàá.” Ojú ti gbogbo wa, nítorí àwa náà kò béèrè.

Francis ló bá wọn fa páìpù náà dé gọ́tà. Alhaji tú ohun gbogbo, wọ́n fi fáànù fẹ́ abẹ́ ilé gbẹ, wọ́n pààrọ̀ pákó mọ́kànlá, wọ́n sì tún ọ̀rá mìíràn tẹ́. Nígbà tó ku ọjọ́ kan péré, òṣìṣẹ́ ìlú fi bàtà gbá ilẹ̀ náà títí ó fi sú u, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Inú mọ́ṣáláṣí wa la ti kí àsámù, ìrun alẹ́ Ramadan, lọ́dún náà.

Látìgbà yẹn, iṣẹ́ kò dá lọ́wọ́ Alhaji mọ́, láti Baytown dé Pearland. Kódà àwọn dókítà wa ní Sugar Land ń pè wọ́n wá wo ilé ńlá ńlá tí wọ́n gbé lé kọnkéré, tí kò ní abẹ́ kankan. Alhaji á jẹun, wọ́n á kí onílé kú oríire, wọ́n á máa lọ.

Alhaji dágbére fáyé lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 1998, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni wọ́n. Ó dùn wá, ó dùn wá gan-an ni. Wọ́n fi Alhaja Fàúsátù sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta: Hanifat tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, Muslimat, àti Naheem; ọmọọmọ kan, àti Khalid, àbúrò Alhaji.

Ọ̀pọ̀ yín ti ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe fún ẹbí. Kò sí ọdún tí Alhaji kì í wọ abẹ́ mọ́ṣáláṣí lọ wo páìpù yẹn kí Ramadan tó dé. Tọdún yìí kò ju oṣù méjì lọ mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì wọ ibẹ̀. Alhaja ti fọ ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ wọn, ó wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá bá mu, kó gbé e wọ̀.

Bàbá Hanifat, kí Ọlọ́run fẹ sàréè yín lójú, kó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ẹ sùn un re o.