Yìnyín Tí O Fi Ránṣẹ́ Ti Tán

Agboolé wa,
Ogbooro.
Ọjọ́ kejìdínlógún ààwẹ̀ Ràmàdáànì.

Mujeebat, Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ nídìí oúnjẹ sààrì, kọ́kọ́ jẹun tán kí o tó kà á. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn ajá olówó tí ẹ ń tọ́jú n'Ìbàdàn kò tíì gé ọ jẹ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi yóò máa ṣọ́ ọ láàárín ajá. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní òun kò tíì jẹ ààwẹ̀ kankan, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń dun òun. Òjò kò tíì rọ̀, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a rí iná mànàmáná gbẹ̀yìn, ooru sì mú débi pé àwọn adìẹ ń yanu kiri bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Má bínú pé o ń pè mí, fóònù kò wọlé. O rántí pé ewúrẹ́ Àdìjátù, opó tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, kò jẹun, o sì ní kí n fi inú ẹnu rẹ̀ hàn ọ́ nínú fóònù. Mo rò pé bí fóònù bá ṣe wọ ẹnu rẹ̀ tó ni wàá ṣe rí i tó, mo sì tì í sí i lẹ́nu. Ewúrẹ́ tí kò jẹun náà bá jẹ igun fóònù, ojú fóònù sì dúdú látìgbà náà. Ewúrẹ́ ń jẹun dáadáa báyìí, a dúpẹ́.

Ẹrù rẹ dé. Dírẹ́bà já kúlà náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì. Mo ti ṣèlérí fún gbogbo agboolé pé ọmọ mi ń fi abẹ́rẹ́ àjẹsára ránṣẹ́ bọ̀, pé àrùn tó ń pa ewúrẹ́ lápá Ìgbòho, tí imú wọn ń ṣàn, tí wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru títí wọ́n fi ń ṣubú, kò ní rí tiwa gbé ṣe. Ewúrẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n fẹ́ so sábẹ́ igi òdán de dókítà ẹran tí o ní yóò ti Ṣakí wá lọ́jọ́ kejì. Méjì nínú wọn ni ti Àdìjátù, àwọn méjì yẹn nìkan sì ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Mo ṣí kúlà, mo bá ìgò mẹ́ta tí kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, àti yìnyín tó kún bámúbámú. Mujeebat, omi bọ́ lójú mi. Mo ní ọmọ yìí rántí wa nínú ooru yìí! O mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú bébà tí èmi kì í kà, títí kan èyí tí wọ́n fi ń di àkàrà. Mo wọ awò, mo ka ara páálí oògùn, mo rí i pé wọ́n kọ 2 dé 8. Mo ní aago nìyẹn. Mo gbé aago tábìlì tì í, mo sì rí i dájú pé àwọn ìgò náà wà nínú yìnyín láti aago méjì gééré.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méje, ìṣínu tó. Ìwọ náà mọ ẹ̀san tó wà nínú kéèyàn fún aláàwẹ̀ lómi tutù. Mo pe ilé, mo pe ìta. Ògúndìran ọdẹ, tí kò gbààwẹ̀ rí láyé rẹ̀, ló kọ́kọ́ jókòó. Ó ní òun wá bá wa yọ̀ ni, ó sì bá wa yọ̀ dé ife kẹrin. Ìyá rẹ ní kí n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún oògùn, mo ní oògùn kì í mu omi. Gbogbo ife tí a bu ni a fi ṣàdúrà fún ọ. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìró ìyá rẹ wé ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n má baà fọ́, mo tì wọ́n mọ́ inú àpótí irin. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ni wákàtí kan tí mo fi dín nínú àsìkò tí wọ́n kọ.

Samsudeen, dókítà ẹran náà, gun ọ̀kadà dé láàárọ̀ Jímọ̀. Ọmọ tó mọ èèyàn kí ni. Mo ṣí àpótí fún un, ó fọwọ́ kan ìgò, ó bi mí pé Bàbá, yìnyín ńkọ́? Mo ní a ti mu ún. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín ló dákẹ́. Ó ní 2 dé 8 kì í ṣe aago, bí oògùn ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó ni. Ó ní ohun ẹlẹ́mìí kan tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀, ooru sì ti pa á, pé bí òun bá gún un fún ẹran, omi lásán ni òun gún, àwọn èèyàn á fọkàn balẹ̀, àrùn á sì wọlé bá wọn.

N kò tètè gbà. Mo bi í pé oògùn tí kò lè fara da ooru Ogbooro, báwo ni yóò ṣe bá àrùn Ogbooro jà? Ó ní Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ń kọ ebè lọ́sàn-án gangan ni? Ibẹ̀ ni mo ti gbà.

Èyí tó le ni pé mo ní láti jáde sọ fún àwọn tó so ẹran. Èṣù tilẹ̀ sọ sí mi létí pé kí n ní kó gún omi náà fún wọn, kí ojú má tì mí. Mo wo ewúrẹ́ méjì Àdìjátù, n kò lè ṣe é. Mo dúró lábẹ́ igi, mo ní ẹ̀yin ará ilé, èmi ni mo pa oògùn. Ògúndìran ní irọ́ ni mo pa, pé òun nìkan mu ife mẹ́rin. Àdìjátù ní òun tilẹ̀ fi tòun bọ́jú. Ẹ̀rín sọ, Samsudeen fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí ọ̀kadà. Ìgbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ní àwọn yóò dúró de Mujeebat.

Samsudeen ní kí ewúrẹ́ kankan má ṣe jẹ̀ káàkiri, kí a máa já ewé fún wọn nínú ilé. Ògúndìran kò ráyè ṣọdẹ mọ́, ewé ewúrẹ́ ló ń rù bọ̀ láti inú igbó. Àná ni a gbọ́ pé àrùn náà ti dé abúlé kejì sí wa.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ. Ọjọ́ tí o jáde ilé ìwé, mo sọ ní mọ́ṣáláṣí pé dókítà ni ọ́, n kò sọ pé ti ẹran. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé ṣé torí ewúrẹ́ ni mo ṣe ta ilẹ̀ oko mi tó wà létí odò. Ní báyìí kò sẹ́ni tó ń bi mí pé dókítà kí ni ọ́. Ọjọ́ tí o máa dé ni wọ́n ń bi mí.

Nítorí náà, má fi rán dírẹ́bà mọ́, wá fúnra rẹ. Gbé kúlà méjì: ọ̀kan fún oògùn, èyí tí n kò ní fọwọ́ kàn, ọ̀kan fún wa, nítorí ààwẹ̀ kò tíì parí, àwọn èèyàn sì ti mọ ọ̀nà ilé mi. Bí ọwọ́ rẹ bá gbé e, mú owó díẹ̀ dání kí n fi tún fóònù ṣe, àti ti oògùn ìpara ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Má yáwó o.

Kí Ọlọ́run là ọ̀nà fún ọ. Táyà ọkọ̀ rẹ kò ní jò, epo kò ní tán lọ́nà, ìrìn rẹ yóò sì yá ju yíyọ́ yìnyín lọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mọ́nsúrù, tó ń já ewé.